Bí Adìẹ Àgíríìkì Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa, àti Ìbẹ̀rù Tí Ó Bá A Dé

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Mile 12 tí ó ń lọ sí Ìkòròdú, yóò gbọ́ tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pe àwọn ibi tí èrò yóò ti sọ̀: Màjídùn, Ògólóńtò, Àgíríìkì, títí wọn yóò fi dé Gáréèjì. Kò sí ẹni tí í bèèrè ohun tí Àgíríìkì jẹ́. Orúkọ ibùsọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá sọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú tí ó sì yà sí ìdí àtẹ àwọn aládìẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò tún pàdé. Obìnrin tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ yóò na ìka sí adìẹ nínú àgò, yóò ní, "Ìyá, ṣé ìbílẹ̀ ni àbí àgíríìkì?" Kì í ṣe owó nìkan ni ó ń bèèrè. Ó ti gbọ́ pé àgíríìkì ń fa jẹjẹrẹ, pé òun ni ó ń jẹ́ kí ọmọbìnrin yọ ọmú kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wú u. Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ibi tí adìẹ náà ti wá àti ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ ti wá, nítorí àwọn méjèèjì kò gba ọ̀nà kan náà wọlé.

Ní ọdún 1899 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá oko kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tí a mọ̀ sí Moor Plantation. Níbẹ̀ ni àwọn òyìnbó, àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn, ti ń dán irúgbìn wò. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe iṣẹ́ àgbẹ̀ gùn jù fún ahọ́n wa. A gé e kù, a sọ ọ́ di àgíríìkì. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ó bá ti ọwọ́ ìjọba wá sí oko, àgíríìkì ni: àgbàdo àgíríìkì, ẹ̀gẹ́ àgíríìkì, ọ̀pẹ àgíríìkì, adìẹ àgíríìkì.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa bẹ̀rù. Ní nǹkan bí ọdún 1950, àrùn kan tí ó pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún bo ewé àgbàdo káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ewé yóò gbẹ, ọmọ àgbàdo kò sì ní gbó. Moor Plantation wà lára ibi tí wọ́n ti wá irú àgbàdo tí àrùn náà kò lè borí. Àwọn àgbẹ̀ gbìn ín, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi se ẹ̀kọ, wọn kò sì bèèrè bí wọ́n ṣe rí i. Bákan náà ni ẹ̀gẹ́ tí ilé-iṣẹ́ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, mú jáde lẹ́yìn náà. Ọ̀mọ̀wé Hahn, ará Kòríà, ni ó ṣe olórí iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ náà, àwọn ará Ìkirè sì fi í jẹ Sẹ̀ríkí Àgbẹ̀ ní ọdún 1983. A kì í fi ẹni tí a ń bẹ̀rù oúnjẹ rẹ̀ jẹ oyè.

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni ó yàtọ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ jẹ́ ará ilé. Ó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó mọ ilé olówó rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, ó ń bá wa ṣe ìkómọ, ó ń bá wa ṣe ìgbéyàwó, a sì mọ̀ ọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yálà òpìpì ni tàbí aláwọ̀ funfun. Ẹyin mẹ́wàá sí méjìlá ni yóò yé, yóò sì sàba lé e. Oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà ni yóò fi tó ohun tí a lè pa fún àlejò. Bí ọyẹ́ bá sì dé, àrùn lúkúlúkú lè gbá gbogbo agbo lọ ní ọ̀sẹ̀ kan, ìyá tí ó ni ín yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí abo kan tí ó ṣẹ́kù.

Èyí tí ìjọba kó dé kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Rhode Island Red ni wọ́n ń pe òmíràn, Leghorn ni wọ́n ń pe òmíràn. Inú ilé onírin ni ó ń gbé, oúnjẹ lílọ̀ ni ó ń jẹ, kì í sì í fẹ́ sàba. Ó lè yé ẹyin bí ọ̀ọ́dúnrún lọ́dún láì sí àkùkọ kan ní tòsí. Èyí gan-an ni ó kọ́kọ́ ba àwọn ìyá wa lẹ́rù: irú ẹyin wo ni èyí tí kò lè di òròmọdìẹ láéláé? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì le. Abo adìẹ a máa yé ẹyin, àkùkọ ìbáà gùn ún, kò ìbáà gùn ún. Ti ìbílẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá rí akọ. Ohun tí àkùkọ fi kún un ni ọmọ. Ara ẹni tí ó jẹ ẹyin kò mọ ìyàtọ̀.

Ní ọdún 1959, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò Farm Settlement. Olóyè Akin Deko ni mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà, ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n sì ti wo àwòkọ́ṣe. Èrò wọn ni pé kí àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé má sá lọ sí ìgboro láti wá iṣẹ́ akọ̀wé. Kí wọ́n rí ilẹ̀, kí wọ́n rí ilé, kí wọ́n máa gbin ọ̀pẹ àti rọ́bà, kí wọ́n sì máa sin adìẹ láti fi rí owó náwó kí ọ̀pẹ tó so. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà ní àkókò náà. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Títí di òní, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ lọ sí Odógunyàn, ẹ ó gbọ́ Farm Settlement lẹ́nu àwọn awakọ̀, àwọn tí ń sin adìẹ sì pọ̀ ní agbègbè náà àti ní Erikorodo. Adìẹ tí ó wà nínú àgò ní Gáréèjì kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Amẹ́ríkà ni ẹ̀jẹ̀ náà ti yí padà. Ní ọdún 1948 wọ́n parí ìdíje kan níbẹ̀ tí a lè pe orúkọ rẹ̀ ní Adìẹ Ọ̀la. Àwọn àgbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ káàkiri kó ẹyin wá, wọ́n pa ẹyin náà sí ojú kan, wọ́n sin òròmọ wọn lọ́nà kan náà, àwọn adájọ́ sì wo èyí tí ó yára dàgbà jù àti èyí tí àyà rẹ̀ kún jù. Láti ara àwọn tí ó borí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tí ó dára jù bá èyí tí ó dára jù, ìran dé ìran. Kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì. Bí àgbẹ̀ ṣe ń fi àgbàdo tí ó gbó jù sí orí àjà fún irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ náà ni, àfi pé wọ́n ṣe é kíákíá, wọ́n sì fi òṣùwọ̀n àti ìwé ṣe é.

Ẹ gbọ́ bí ó ti já sí. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà tẹ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ní irú adìẹ tí ó wà ní ọdún 1957 ní ìpamọ́, wọ́n ní ti ọdún 1978, wọ́n sì mú ti ọdún 2005 kún un. Wọ́n sin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, oúnjẹ kan náà ni wọ́n sì fún wọn. Nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 56, ti ọdún 1957 wọn gíráàmù 905, ti ọdún 1978 wọn 1,808, ti ọdún 2005 sì wọn 4,202. Ilé kan, oúnjẹ kan, ọjọ́ orí kan. Ìyàtọ̀ tí ẹ rí yìí, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà, kò sí nínú abẹ́rẹ́. Adìẹ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń jìyà rẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ gbé e, ọkàn rẹ̀ a sì máa dákú nígbà tí ara bá ti yára ju ọkàn lọ.

Ǹjẹ́ àwọn tí ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ń purọ́ ni? Rárá o. Ọ̀rọ̀ wọn ní gbòǹgbò, ó kàn ti pẹ́ ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń ki kóró oògùn kan bọ abẹ́ awọ ọrùn àkùkọ, kí ara rẹ̀ lè rọ̀ bí ti abo, kí ó sì sanra. Diethylstilbestrol ni oògùn náà, oògùn tí ń ṣe bí omi ara obìnrin. Ní ọdún 1959 ìjọba wọn fòpin sí i lára adìẹ nítorí pé ó ń kù sínú ẹran. Ní ti màlúù, ó di ọdún 1979 kí wọ́n tó dá a dúró. Láàárín ìgbà náà, ní ọdún 1971, àwọn dókítà ní Boston rí i pé àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ní jẹjẹrẹ tí kì í sábà mú ọmọdé, ìyá wọn ni ó ti lo oògùn yìí nígbà tí ó lóyún wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìròyìn rẹ̀ rìn káàkiri ayé, ó sì bá adìẹ àgíríìkì wọ ọjà wa nígbà tí oògùn náà ti kúrò lára adìẹ tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó bá sin adìẹ ẹgbẹ̀rún kan ní Odógunyàn, tí yóò tà wọ́n tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kò ní àyè láti máa gún wọn ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ní owó rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń fún wọn, ti lúkúlúkú ni.

Oògùn kan ṣì wà tí a kò bẹ̀rù tó. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi fẹ́ dé.

Ní ọdún 1948 sí 1950, Thomas Jukes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Lederle ní Amẹ́ríkà ń wá fítámì tí adìẹ nílò. Wọ́n fún òròmọdìẹ ní pàǹtírí tí ó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún Aureomycin, oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn, jáde. Àwọn òròmọ náà dàgbà ju bí fítámì nìkan ti lè mú wọn dàgbà lọ. Ìyókù oògùn tí ó wà nínú pàǹtírí náà ni ó ṣe é. Láàárín ọdún díẹ̀, oògùn tí dókítà ń fi wo ènìyàn di ohun tí a ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù. Nítorí kí ni èyí fi burú? Bí a bá fi oògùn díẹ̀díẹ̀ lé kòkòrò, àwọn tí kò lágbára yóò kú, àwọn tí ó lágbára yóò kù, wọn yóò sì máa bí ọmọ tí oògùn náà kò ràn mọ́. Ní ọjọ́ tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá wọ inú ọmọ ènìyàn, láti ara ẹran tí kò jinná tàbí láti ọwọ́ tí ó pa adìẹ tí a kò fọ̀, dókítà yóò kọ oògùn, oògùn kò sì ní ṣiṣẹ́. Ìgbìmọ̀ Swann kìlọ̀ èyí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1969. Ó di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2006 kí gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n jùmọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan tó fòfin de fífi irú oògùn bẹ́ẹ̀ mú ẹran sanra.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ẹnikẹ́ni lè wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn adìẹ, kí ó ra oxytetracycline láì mú ìwé dókítà ẹran lọ́wọ́. Adìẹ bá ń wú kọ́, ó pò ó mọ́ omi. Adìẹ kò wú kọ́, ó tún pò ó mọ́ omi, kí ó má bàa wú kọ́. Lára páálí oògùn náà wọ́n kọ ọ́ pé ẹyin tí adìẹ bá yé ní iye ọjọ́ báyìí kò gbọ́dọ̀ dé ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: adìẹ kì í dúró kí oògùn kúrò lára kí ó tó yé. Lójoojúmọ́ ni ó ń yé. Àgbẹ̀ tí ó yá owó ra oúnjẹ adìẹ, tí àgbàdo sì wọ́n, ni a ní kí ó kó kíréètì ẹyin dànù ní òwúrọ̀ ọjọ́ méje. Èmi kò bú u. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ó bèèrè "ìbílẹ̀ ni àbí àgíríìkì" ní Gáréèjì ti bèèrè ìbéèrè tí ó rọrùn, ó sì fi èyí tí ó yẹ sílẹ̀: ìgbà wo ni wọ́n fún adìẹ yìí ní oògùn kẹ́yìn?

A ti ṣe irú èyí rí. Nígbà tí ẹja inú yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í ti etíkun gòkè lọ sí ìlú òkè, orúkọ tí àwọn ènìyàn fún un ni òkú Èkó. Ará Ẹ̀pẹ́ tí ó ń ra ẹja tí ó ṣì ń jà nínú agbọ̀n ní ọjà Olúwo lè fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òkú Èkó di kòtè, ó di Títù, ó wọ ìkòkò gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó ń pè é ní òkú mọ́ bí kò bá ṣe àgbàlagbà. Bákan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó adìẹ dídì wọlé láti òkèèrè. Ó ṣì ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Kùtọnu. Àwọn aṣọ́bodè àti NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn onífàyàwọ́ ń fi formalin, oògùn tí a fi ń tọ́jú òkú, pa á mọ́. Kódà bí kò bá sí formalin lára rẹ̀ rárá, ẹran tí ó dì, tí ó yọ́ nínú búùtù ọkọ̀ tí kò ní yìnyín, tí a sì tún sọ di dídì ní Èkó, mo rò pé ó ti tó bẹ̀rù.

Ìgbà kan wà tí ẹ̀rù wa gbóná gan-an. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n kéde pé àrùn ọlọ́kọ̀ọ́ adìẹ, èyí tí òyìnbó ń pè ní H5N1, ti wọ oko kan ní Jàájì ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Kí ó tó dé Èkó pàápàá ni àwọn ènìyàn ti sá fún adìẹ àti ẹyin. Kíréètì dúró sí ilẹ̀, àgbẹ̀ kò rí owó oúnjẹ adìẹ san. Níbi tí àrùn bá ti wọ, wọn a pa gbogbo adìẹ, ìjọba a sì san ₦250 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ọmọ ọdún 22, kú ní Èkó, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àrùn náà ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó kú nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù Sàhárà. Àrùn náà padà wá ní ọdún 2015, Kánò àti Èkó ni ó sì ti kọ́kọ́ yọ. Nínú ìjàyà yìí, àwọn kan sá kúrò lọ́dọ̀ àgíríìkì wọ́n sì sá tọ ìbílẹ̀ lọ, bí ẹni pé àrùn mọ ìyàtọ̀ wọn. Adìẹ tí ń jẹ̀ káàkiri lè bá pẹ́pẹ́yẹ àti ẹyẹ igbó pàdé ju èyí tí ó wà nínú ilé onírin lọ. Ẹran tí ó jinná dáadáa kò sì ran ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tí ó di adìẹ aláìsàn mú, tí ó pa á, tí ó sì tu ìyẹ́ rẹ̀, ni ewu wà fún.

Ní báyìí, ẹ̀wà ni ọ̀rọ̀ kàn. Kòkòrò kan wà tí ń jẹ òdòdó ẹ̀wà àti póòpó rẹ̀ ní oko, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Maruca. Nítorí rẹ̀, àgbẹ̀ ìlú òkè lè fín oògùn sí oko ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kórè. Àwọn onímọ̀ ní Sàríà, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn láti òkèèrè, mú ohun kan láti ara kòkòrò kékeré inú ilẹ̀, wọ́n fi sínú ẹ̀wà, tí Maruca bá jẹ ẹ́, yóò kú. Èyí kì í ṣe yíyan irúgbìn bí ti àwọn bàbá wa. Wọ́n yí ẹ̀dá ẹ̀wà padà ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni àjọ tí òfin ọdún 2015 dá sílẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní SAMPEA 20-T ní òpin ọdún náà. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó ti gbin irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ fún títà ṣáájú wa. Àgbàdo tí wọ́n ń pè ní TELA tẹ̀ lé e ní ọdún 2024. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá ní kí wọ́n dá ìfọwọ́sí irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ dúró títí wọn yóò fi ṣe ìwádìí.

Àwọn tí ó lòdì sí i ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, àwọn tí ó fọwọ́ sí i náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé pé ẹ̀wà àtijọ́ gan-an kò mọ́. Ní ọdún 2015 ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n bá oògùn dichlorvos lára rẹ̀ ju bí ara ènìyàn ti lè gbà lọ. Oògùn yẹn náà ni ó wà nínú ìgò Sniper tí àwọn kan ń dà sínú àpò ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa dá a lu. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ èyí tí a mọ̀ pé ó ń pa ènìyàn ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀rù wa, kí a tó dé ọ̀dọ̀ èyí tí a ń jiyàn lé lórí.

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ kan wà tí mo gbà pẹ̀lú àwọn tí ó lòdì sí irúgbìn tuntun náà, pé ẹni tí yóò jẹ nǹkan yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń jẹ. Ní ilẹ̀ òyìnbó wọn a kọ ọ́ sí ara páálí. Ní Gáréèjì Ìkòròdú, kọ́ńgò ni a fi ń wọn ẹ̀wà. Ó ti inú àpò bọ́ sínú agbada, ó ti inú agbada bọ́ sínú kọ́ńgò, ó ti inú kọ́ńgò bọ́ sínú ọ̀rá dúdú, ó sì di ẹ̀wà àgànyìn ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá tí ń tà á kò mọ oko tí ó ti wá, ẹni tí ó tà á fún un ní Mile 12 kò mọ̀, kò sì sí ibì kan lára kọ́ńgò tí a lè lẹ ìwé mọ́.